Ibi tí wọ́n ti ń sá ìko ni òwò báàgì ti ń kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí báàgì aláfọwọ́ṣe, èyí tí a ń fi ìko (awọ tí a ń bó lára ewé igi ọ̀gọ̀rọ̀), ewé eéran àti gbéborùn (ewéko tó ń bo ojú omi) ṣe. Lóde òní, ó ṣòro kí ètò ìrónilágbára kan wáyé kí báàgì híhun má sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ni. Wọ́n á kó ìko gbígbẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fi bí a ṣe ń hun ún hàn wọ́n, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí, gbogbo wọn á ya fọ́tò, ó parí. Kí ọdún tó yí po, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ ọ ti pa á tì, wọ́n á ní ọjà kò tà.

Ọjà tà. Báàgì àkọ́kọ́ tà fún ẹbí, èkejì tà fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rẹ́ rà bu nínú kọ́bọ́ọ̀dù lóṣù keje, ọwọ́ ti ẹbí sì já lójú títì níbi tó ti kó ìwé mẹ́ta àti ike omi sínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò padà wá, wọn kò sì júwe ẹnikẹ́ni wá. Kì í ṣe híhun ló fa á. Ìko náà kò gbẹ kí wọ́n tó hun ún, ẹni tó rán an kò sì ro ibi tí ẹrù yóò dá lé. Ohun tí ọjọ́ mẹ́ta kì í gbà láti kọ́ni ni a fẹ́ kọ síbí, kí ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè mọ ohun tó ń kó ọwọ́ bọ̀.

Ara igi ọ̀gọ̀rọ̀ ni ìko ti ń wá, igi àbàtà tí wọ́n ń dá ẹmu ògùrọ̀ lára rẹ̀. Imọ̀ tó ti là, tó ti tẹ́ sóòrùn, kò wúlò mọ́ fún ìko. Ó ti gan. Imọ̀ àárín tó ṣì ṣù mọ́ra, tó dúró ṣánṣán bí ọ̀kọ̀, ni à ń gé. A ó já ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀bẹ ṣá a díẹ̀ nídìí láìjẹ́ kó gé já, a ó wá fa awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú ewé náà lókè láti ìdí dé orí. Bí ọ̀bẹ bá wọlé jù, awọ á wá tòun ti ẹran ewé. Irú ìko bẹ́ẹ̀ máa ń le bí koríko, ó sì máa ń ṣẹ́ níbi tí a bá ti ká a. Bí kò bá wọlé tó, awọ á ya lọ́nà, ìko á wá kúrú. Ìko kúkúrú kì í ṣe àdánù pátápátá, ó dára fún rírán àti fún ìdí báàgì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tó gùn.

Ẹ má gé gbogbo imọ̀ ọ̀dọ́ tí igi kan bá yọ. Ẹ gé ọ̀kan, kí ẹ fi èyí tó bá tẹ̀ lé e sílẹ̀ kó là. Ewé ni igi fi ń jẹun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ọ̀gọ̀rọ̀ ń so láyé rẹ̀ kó tó kú. Igi tí a pa ní rírù kí ó tó so kò ní fi irúgbìn kankan sílẹ̀, ẹni tó sì ń ná owó lórí báàgì lónìí kò ní rí ìko rà nítòsí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Igi náà ní ẹni tó ni ín: ẹ bá onílẹ̀ àti ẹlẹ́mu sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú ọ̀bẹ wọ àbàtà.

Ọ̀pọ̀ yóò rà á lọ́jà dípò kí wọ́n lọ gé e. Bí ẹ bá ń rà, ẹ má ra ìdì. Ìwọ̀n ni kí ẹ rà. Ìdì méjì tó rí bákan náà lójú lè fi ìlàjì ju ara wọn lọ lórí òṣùwọ̀n, omi ló sì máa ń wà nínú èyí tó wúwo. Ẹ tú ìdì náà, kí ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bí àárín bá tutù, tàbí tí ó ń rùn bí aṣọ tó sùn sínú omi, ẹ dá a padà. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ pé ó ti ń bu, torí ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ á ṣì máa dán.

A wá dé ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń là tàbí kú, ìyẹn sísá. Ìko tútù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ máa ń fún un lómi láti ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ pupa sì máa ń fi àbàwọ́n tí kò ní fọ̀ mọ́ sí i lára. Ẹ fi ọparun kan pẹpẹ tó ga tó mítà kan, kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì lé e lórí, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ tẹ́ ìko náà fẹ́lẹ́, débi pé ẹ ó máa rí nẹ́ẹ̀tì láàárín rẹ̀, kí ẹ sì máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, ẹ kó o wọlé. Ìrì yìí ni àwọn èèyàn ń fojú kéré jù. Ìko tó sùn síta lóru ọjọ́ kan máa ń mu omi padà, bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, á máa ní àmì dúdú tóótòòtó tí oòrùn kankan kò lè yọ. Àmì yẹn gan-an ni èbu.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ méjì ti tó. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀. Lásìkò òjò, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún, òmíràn kì í sì í gbẹ tán níta rárá. Inú yàrá tí fáànù ń fẹ́ ni a ó ti parí rẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó gbẹ? Ọwọ́ máa ń tan ni jẹ. Ìko tó ti gbẹ lójú ṣì lè ní omi nínú. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbára lé. Ẹ mú ìdì kan, kí ẹ so àmì mọ́ ọn, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la lẹ́yìn tí ẹ bá ti sá a lójúmọ́ gbogbo. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì ń lọ sílẹ̀, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ìwọ̀n ọjọ́ méjì bá dọ́gba, ẹ kó o kúrò níta. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó fún èyí.

Èso èbu wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, omi nìkan ló ń dúró dè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kó ìko gbígbẹ sínú ọ̀rá. Ọ̀rá kì í jẹ́ kó mí. Bí ooru bá mú lọ́sàn-án tí ilẹ̀ sì tutù lóru, omi á sẹ̀ sínú ọ̀rá náà. Àpò ìdọ̀họ ló dára. Ẹ gbé e lé orí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì máa tú u yẹ̀ wò lóṣooṣù.

Ìko tó gbẹ dáadáa kò ṣeé hun bẹ́ẹ̀; yóò máa ṣẹ́. Ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má rì í sómi. Ìko tó mu omi yó máa ń wú, bí ẹ bá hun ún báyẹn, yóò sún kì nígbà tó bá gbẹ, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Báàgì tó le lọ́wọ́ yín lálẹ́ tó wá ń mì lọ́wọ́ oníbàárà lọ́sẹ̀ kejì, ibí ni àṣìṣe rẹ̀ ti wá. Ìwọ̀n èyí tí ẹ lè hun tán ní wákàtí méjì ni kí ẹ máa dì sínú aṣọ tútù lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣe báàgì pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a rò pé ó yẹ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀já. Ìyẹn ni pé a ó hun ìko ní okùn méje bí ìgbà tí a ń di irun, kó di ọ̀já pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, a ó wá máa rán ọ̀já náà yípo títí yóò fi di báàgì. Kò gba òfì, kò gba ẹ̀rọ, a sì lè pín in fún ọwọ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò báàgì kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35, tó ga ní 30, tí ìdí rẹ̀ sì jìn ní 12. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 94. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan máa gun orí èkejì ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni ìpele kọ̀ọ̀kan fi ń ga sí i. Gíga 30 á gba ìpele 15. Tí a bá sọ 94 di ìlọ́po 15, ó jẹ́ mítà 14 àti díẹ̀. Ìdí báàgì á gba nǹkan bíi mítà méjì. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ìsopọ̀ àti àṣìṣe, mítà 18 ni ọ̀já tí báàgì kan fẹ́.

Ìwọ̀n ìko tí mítà 18 yóò gbà wà lọ́wọ́ bí okùn yín bá ṣe nípọn tó; 300 sí 400 gíráàmù ló sábà máa ń jẹ́. Kí ẹ má bàa méfò, ẹ hun mítà kan, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18. Fún báàgì mẹ́wàá ní 350 gíráàmù, kílò mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Ẹ ra kílò mẹ́rin, nítorí a ó ṣa èyí tó kúrú àti èyí tó lábàwọ́n kúrò.

Ìdí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rírán. Ẹ na ọ̀já gbọọrọ ní sẹ̀ǹtímítà 23 (35 tí a yọ 12 kúrò nínú rẹ̀), kí ẹ ṣẹ́ ẹ padà, kí ẹ sì máa rán an yí ara rẹ̀ ká. Níbi igun, bí ẹ bá fa ọ̀já náà jù, ìdí á yọ gbùǹgbù sókè bí àkẹtẹ̀. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, á máa wé bí etí aṣọ. Ẹ máa gbé e lé orí tábìlì ní ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ rí i pé ó jókòó pẹrẹsẹ. Nígbà tí ìdí bá tó ìwọ̀n, ẹ gbé e lé orí àpótí pákó tó bá ìwọ̀n báàgì mu, kí ẹ wá rán ògiri rẹ̀ yí àpótí náà ká. Láìsí àpótí yìí, báàgì mẹ́wàá á ní ìwọ̀n mẹ́wàá, kò sì sí ilé ìtajà tó máa gbà wọ́n pọ̀. Òwú tí a fi ìda oyin pa ni kí ẹ fi rán an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì. Ojú abẹ́rẹ́ kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Ọwọ́ báàgì ló ń gbé gbogbo ẹrù. Bí a bá rán an mọ́ ìpele òkè nìkan, òwú tó so ìpele yẹn mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbé kílò márùn-ún. Yóò já, ọjọ́ ló kù tí a kò mọ̀. Ẹ ra okùn pẹlẹbẹ tó le, irú èyí tó máa ń wà léjìká báàgì ilé-ìwé, kí ẹ gé mítà 2.7. Ẹ jẹ́ kó gba inú báàgì sọ̀ kalẹ̀ níwájú, kó gba orí ìdí kọjá, kó gòkè lẹ́yìn, kó yọ síta bí ọwọ́, kó tún sọ̀ kalẹ̀ padà, títí orí rẹ̀ méjèèjì yóò fi pàdé ní ìdí, níbi tí ẹ ó ti rán wọn pọ̀. Báyìí, ìdí báàgì ni ẹrù jókòó lé, okùn náà ló sì gbé ìdí. Aṣọ inú á bo okùn, a ó sì fi awọ wé ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ awọ gidi nìkan, bíi ti àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́, kó jẹ́ kí orí awọ náà sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lára báàgì, kó fi awọ mìíràn tì í láti inú, kó fi òòlu tí àwọn oníbàtà ń lò lu ú, kó tó kan ìṣó rífẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí orí kọ̀ọ̀kan. Rífẹ́ẹ̀tì tí kò ní awọ lẹ́yìn á gbẹ́ ihò sínú ìko bí ẹrù bá ti ń fà á.

Kí ẹ tó ta báàgì irú tuntun kankan, ẹ kó gàrí kílò márùn-ún sínú ọ̀kan, kí ẹ fi kọ́ ìṣó fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ wọn gíga rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹrù ti fà á gùn.

Yáàdì ankara kan ń tó aṣọ inú báàgì méjì. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 40, abala méjì fún báàgì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á di àpò kékeré fún fóònù. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ inú mọ́ ìko. Gọ́ọ̀mù máa ń há omi mọ́ àárín, ibẹ̀ ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹnu báàgì nìkan ni kí ẹ ti rán an, kí oníbàárà lè fà á síta kó sá a lóòrùn.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kò fẹ́ hun nǹkan rárá, lè gba ọ̀nà mìíràn: kó ra ẹní. Àwọn obìnrin Ọ̀gọ̀tún-Èkìtì ti ń fi igi ewé eéran hun ẹní tipẹ́, ewé kan náà tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí èso rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ. Ẹní tó fẹ́lẹ́ ṣeé gé bí aṣọ, ṣùgbọ́n bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan án ló ń tú. Nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ gé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ rán ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àmì náà àti méjì sí òsì, kí ẹ tó gé àárín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ tí a gé ní ìdábùú di etí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18 ni kí ẹ fi sí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán léèsì á kàn máa kán ni.

Ní ti àwọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọ̀ òyìnbó oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lórí igbá lọ́jà ni kò ní orúkọ, kò ní ìlànà, ó sì máa ń ṣí sí aṣọ funfun oníbàárà lọ́jọ́ Àìkú. Àwọ̀ ilẹ̀ wa wà, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Fún kílò ìko gbígbẹ kan, ẹ se kílò ewé gúáfà tútù kan nínú lítà omi 15 fún wákàtí kan, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rẹ ìko sínú omi rẹ̀ mọ́jú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí ẹ ti yọ́ 150 gíráàmù álọ́ọ̀mù sí. Ìgbà yìí ni ara ìko ṣẹ̀ṣẹ̀ lè di àwọ̀ mú. Fún àwọ̀ pupa tó ń lọ sí búráwùn, ẹ lo poroporo ọkà bàbà tó wọ̀n tó ìko fúnra rẹ̀, pẹ̀lú káún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi gbóná fún wákàtí kan láìjẹ́ kó hó yaya, nítorí híhó máa ń mú ìko wé. Àtalẹ̀ pupa ń fúnni ní àwọ̀ yẹ́lò tó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́. Ẹ má ta á fún ẹni tó fẹ́ gbé báàgì lọ sí etíkun.

Aró yàtọ̀. Aró ẹlú kò fẹ́ álọ́ọ̀mù, kò sì fẹ́ iná. Ẹ ki ìko bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fà á jáde kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ ewé rẹ̀ á máa di búlúù lójú yín. Ẹ tún ki í bọ inú aró náà. Ó lè gba ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kó tó dúdú bí ẹ ṣe fẹ́. Àwọn aláró Ìtòkú l'Abẹ́òkúta àti ti Òṣogbo ní ìkòkò aró tó ti jinná, owó tí ẹ ó san fún wọn kéré sí àkókò tí ẹ ó fi pọn tiyín. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́ gaara, torí omi eérú tó bá kù lára ìko máa ń jẹ ẹ́. Kí ẹ wá fi aṣọ funfun tútù nù ún lẹ́ẹ̀ẹ̀ogún. Bí àwọ̀ bá kan aṣọ, kò tíì tó tà.

A kò ní ṣàì mẹ́nu kan gbéborùn, nítorí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà kò ní ọ̀gọ̀rọ̀ nítòsí bí wọ́n ṣe ní in. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti wá, ọdún 1984 sì ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ lórí omi Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà ló ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àti àwọ̀n apẹja, tó sì ń tàn kálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu olófòófó tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Achenyo Idachaba, tó dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, ti fi í ṣe oríṣiríṣi ohun èlò, ó sì gba ẹ̀bùn Cartier ti àwọn obìnrin oníṣòwò lọ́dún 2014 lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bí 95 nínú 100 ìwọ̀n igi rẹ̀ ló jẹ́ omi. Báàgì kan tó wọn 700 gíráàmù fẹ́ kílò igi tútù 14, láìka ewé àti gbòǹgbò tí a ó gé dànù. Inú rẹ̀ rí fúlẹ́fúlẹ́ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, afẹ́fẹ́ kún inú ihò rẹ̀, nítorí náà ó máa ń tètè mu omi padà ju ìko lọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tó bá ti rọ̀, ẹ fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e, kí ẹ má sì gé e níbi tí omi iléeṣẹ́ ńlá ń ṣàn sí: ewéko yìí máa ń fa májèlé irin tó wà nínú omi sára.

Ó ku owó. Àpò làwọn baba wa fi ń ka owó. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàáwàá (20,000) owó ẹyọ, àpò ni, títí dòní sì ni ₦200 ń jẹ́ àpò kan. Ó ń dùn wá pé ẹni tó ń ṣe àpò gan-an ni kì í ka owó ọwọ́ ara rẹ̀. Mítà ọ̀já kan ń gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá tó ìṣẹ́jú 20. Mítà 18 jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Rírán rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ọwọ́ àti aṣọ inú jẹ́ méjì. Wákàtí 11 nìyẹn, láìka sísá àti rírẹ láró. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, wákàtí kan kò tó ₦400. Ká pè é ní ₦400. Iṣẹ́ ọwọ́ báàgì kan jẹ́ ₦4,400, ìyẹn bí ẹ bá san owó tó kéré jù fún ara yín.

Ká ní, fún àpẹẹrẹ, pé ìko, ankara, okùn, awọ àti òwú jẹ́ ₦6,000. Ó di ₦10,400. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún iná, ọkọ̀ àti báàgì tó bàjẹ́: ₦11,440. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un fún èrè: ₦14,300. Iye tí ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ sílé nìyẹn. Nísinsìnyí ilé ìtajà kan ní òun máa yọ 30 nínú 100. Ọ̀pọ̀ á fi 30 nínú 100 kún ₦14,300, wọ́n á kọ ₦18,590 sí i lára. Ẹ wò ó: ilé ìtajà yọ ₦5,577, ó ku ₦13,013. Wọ́n ti pàdánù ju ẹgbẹ̀rún kan lọ láìmọ̀. Ṣe ni kí ẹ fi 0.7 pín ₦14,300, ó máa fún yín ní nǹkan bíi ₦20,430. Bí ọjà kò bá gba iye yẹn, ẹ dín wákàtí tí ẹ ń lò kù tàbí kí ẹ ṣe báàgì tó kéré sí i. Ẹ má dín owó ọwọ́ yín.

Wákàtí 11 yìí náà ló ń sọ iye tí ẹ lè gbà. Ẹnì kan kò lè ṣe ju báàgì 16 lọ lóṣù, bí ẹ bá sì ro ti ọjà lílọ àti sísá mọ́ ọn, mẹ́wàá sí méjìlá ni. Ẹ má gba iṣẹ́ báàgì 50 fún ìgbéyàwó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ gbé ọ̀já híhun fún àwọn ẹlòmíràn, kí ẹ máa sanwó fún wọn ní mítà, ṣùgbọ́n ẹ máa wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀já tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2.3 tàbí tó ju 2.7 lọ, ẹ dá a padà. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní mítà lè máa dẹ ọwọ́ kí mítà lè tètè pé.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó o ránṣẹ́ ní púpọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ àti NEPC tó ń rí sí ọjà tó ń lọ sókè òkun, kó sì béèrè ìwé lọ́wọ́ àjọ NAQS tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, torí ìko àti igi ewé eéran lè gbé kòkòrò. Ẹ má fi awọ òjòlá tàbí ọ̀nì ṣe ọwọ́ báàgì tó ń lọ sókè òkun. CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, de irú awọ bẹ́ẹ̀, wọn á gba gbogbo ẹrù náà lọ́wọ́ yín ní ibodè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a fẹ́ bẹ àwọn tó ń ṣe ètò ìrónilágbára, yálà ìjọba ni o, yálà ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí kíkọ́ yìí máa wáyé láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí oòrùn wà, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Kí ìko tútù jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ kàn, kí pẹpẹ ọparun sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n kékeré kan, nẹ́ẹ̀tì mítà mẹ́rin àti àpò ìdọ̀họ méjì.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Àwọn oníṣẹ́ ìko, Ìjẹ̀bú-Òde